Ère Kọ́ Ni Sítáǹpù: Ẹ Yéé Dáná Sun Ohun Ìrántí Àwọn Baba Wa

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bínú. Àṣà kan ti yọ́ wọ àárín wa, àwa ìjọ Yorùbá tó wà ní Jọ́s níbí. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà kan bá ti sùn nínú Olúwa, kí àwọn ọmọ tó pín aṣọ, kí wọ́n tó jókòó sórí ọ̀rọ̀ ilé, wọ́n á kọ́kọ́ ṣa gbogbo ohun tó bá ní àwòrán ojú àtijọ́ lára jọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á da kẹrosíìnì sí i, wọ́n á ṣáná sí i. Wọ́n á ní ìdè ìdílé làwọn ń já. Ìlẹ̀kẹ̀ ń bá a lọ, fìlà ń bá a lọ, àga tí wọ́n gbẹ́ ojú sí lẹ́sẹ̀ ń bá a lọ. Ní báyìí, ó ti kan ìwé àkójọ sítáǹpù.

Sítáǹpù o! Bébà kékeré tí à ń fi ahọ́n lá lẹ́yìn ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpòòwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bi yín: ẹ̀mí àìmọ́ wo ló lè gbé inú gọ́ọ̀mù?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ̀ ju WhatsApp lọ, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ló sábà máa ń sanwó rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rowland Hill ló ní kí ẹni tó kọ lẹ́tà kọ́kọ́ sanwó, kí bébà kékeré kan sì jẹ́ ẹ̀rí pé owó ti wọlé. Oṣù Karùn-ún ọdún 1840 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, orí Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n sì tẹ̀ sí i. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 1874, Èkó náà ní tirẹ̀. Orí Victoria kan náà ni. Láti ìgbà yẹn títí òmìnira fi ń kanlẹ̀kùn, sítáǹpù wo lẹ fẹ́ rà nílẹ̀ yìí tí ẹ kò ní bá orí ọba tàbí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀?

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tó lé ní 80, mi ò gbọ́ ọ rí pé ìjọ kan nílẹ̀ Yorùbá dáná sun orí Victoria. Mi ò gbọ́ pé ajíhìnrere kan dìde pé ẹ̀mí ọbabìnrin náà ń tẹ̀lé lẹ́tà wọlé. Àwọn bàbá wa fi sítáǹpù rẹ̀ ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ránṣẹ́ sí míṣọ́nnárì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sùn. Ìgbà tí ojú tiwa dé orí sítáǹpù ni ẹ̀mí òkùnkùn wá dé. Àbí ẹ kò rí i? Ojú funfun, a ní àwòrán ni. Ojú dúdú, a ní ère ni. Ẹni tó bá sọ pé ogun ẹ̀mí lòun ń jà, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi ìdí tí ẹ̀mí náà fi ń wo àwọ̀ ara kó tó wọlé.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1961, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn òmìnira, Nàìjíríà gbé ọ̀wọ́ sítáǹpù tuntun jáde. Ti ojoojúmọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe sítáǹpù ìrántí tí wọ́n máa ń tẹ̀ fún ayẹyẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí orílẹ̀-èdè tuntun rò pé ó yẹ kí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀pà wà lórí ọ̀kan. Èédú wà lórí òmíràn. Ìkòkò mímọ wà níbẹ̀, aṣọ híhun wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà wà níbẹ̀, ràkúnmí wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ ojú irin Èkó wà níbẹ̀. Lórí ti sísì, ojú tí àwọn ará Ìbíní gbẹ́ ni. Lórí ti tọ́rọ́, agbẹ́gilére Ọ̀yọ́ ni, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn? Àwọn tó ṣe é ń sọ fún ayé pé a kì í ṣe ọ̀lẹ, pé kí òyìnbó tó dé la ti ń fọwọ́ wa ṣe nǹkan. Bẹ́sálẹ́lì inú Bíbélì náà, òṣìṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó fi wúrà ṣe kérúbù oníyẹ̀ẹ́ sórí àpótí ẹ̀rí, Ọlọ́run tó pàṣẹ pé kí a má ṣe ère ló sì rán an níṣẹ́.

Sítáǹpù ìrántí tó ń bà àwọn èèyàn lẹ́rù jù ni ti FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn èèyàn dúdú tí a ṣe ní ilẹ̀ yìí láti January 15 sí February 12, 1977. Ojú obìnrin kan tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́ ni àmì àjọ̀dún náà. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ nínú ìwàásù pé màmíwọ́tà ni. Irọ́ gbuu ni! Iyọba Idia ni, ìyá Ọba Esigie ti Ìbíní. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, tó bímọ, tí ọmọ rẹ̀ jọba. Ó ti ń lọ sí 500 ọdún báyìí tí wọ́n ti gbẹ́ ojú náà. Ní February 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní, wọ́n kó ààfin, wọ́n sì gbé e lọ. Nígbà tí FESTAC ń bọ̀, ìjọba wa bẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní London pé kí wọ́n yá wa fún àjọ̀dún náà. Wọ́n kọ̀. Ọmọ Ìbíní kan, Joseph Alufa Igbinovia, ló wá gbẹ́ òmíràn tó jọ ọ́.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Wọ́n kọ̀ láti yá ọlọ́jà ní ọjà rẹ̀. Ohun tó délé bàbá àti ìyá wa nínú gbogbo rẹ̀ ni bébà kékeré tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí, tí tálákà lè rà ní pósófíìsì. Òun náà lẹ wá ń da kẹrosíìnì sí. Àwọn tó kó ojúlówó rẹ̀ tì í mọ́ inú gíláàsì, wọ́n fi olùṣọ́ tì í. Àwa tí wọ́n kó o lọ́wọ́ wa là ń dáná sun fọ́tò rẹ̀, à ń kọrin ìṣẹ́gun lé e lórí. Ta ni a ṣẹ́gun?

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń jó o kò mọ̀, nítorí wọn kò fara balẹ̀ wò ó. Lókè orí Idia, bíi fìlà, àwọn orí kéékèèké onírùngbọ̀n tò yí i ká. Pọtogí ni wọ́n, àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ tó bá Ìbíní ṣòwò. Láyé Esigie yìí gan-an, ará Pọtogí kan kọ lẹ́tà láti Ìbíní lọ́dún 1516 pé ọba ti ní kí ọmọ òun àti àwọn ìjòyè ńlá di Kristẹni. Mi ò sọ pé ìsìn náà pẹ́ níbẹ̀ tàbí pé ó jinlẹ̀. Mo kàn ń sọ pé ojú tí ẹ̀ ń pè ní ti màmíwọ́tà, ayé tí orúkọ Jésù kọ́kọ́ dé etí ààfin Ìbíní ló ti wá. Ìtàn ìjọ wà lára rẹ̀ bí ìtàn ọba ṣe wà.

Ẹ tún rántí náírà kan, ti bébà, èyí pupa. Herbert Macaulay ló wà níwájú rẹ̀, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Ère ojú! Àwọn ìyá wa dì í ní ṣẹ́nu ìró, wọ́n gbé e wá sílé Ọlọ́run, wọ́n jó lọ síwájú, wọ́n sọ ọ́ sínú igbá ọrẹ. Ìjọ wo ló dá a padà pé ère wà lẹ́yìn rẹ̀? A kà á, a sì fi ra síìmẹ́ńtì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa gbé Bíbélì kò mí lójú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ní ní Éfésù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19, àwọn onígbàgbọ́ jó ìwé wọn, iye rẹ̀ sì tó 50,000 owó fàdákà. Òótọ́ ni. Ìwé ta ni? Ìwé àwọn tó ń pidán fúnra wọn, tí wọ́n mọ ohun tí àwọn fi ṣe, tí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kó o wá. Kì í ṣe ìwé bàbá tó ti kú tí kò lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Owó fàdákà tí wọ́n fi ṣírò iye náà ńkọ́, ṣé òun náà kò ní orí èèyàn lára ni? Kò sẹ́ni tó jó owó. Nígbà tí wọ́n sì mú owó Késárì wá fún Olúwa wa, ó béèrè àwòrán ẹni tó wà lára rẹ̀, wọ́n dáhùn, ó ní kí wọ́n fún oníǹkan ní nǹkan rẹ̀. Kò bá ẹ̀mí kankan wí lára owó náà.

Ẹlòmíì á ní Hesekáyà fọ́ ejò idẹ tí Mósè ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fọ́ ọ, ó sì dáa bó ṣe fọ́ ọ, torí àwọn èèyàn ti ń sun tùràrí sí i. Ẹ ka Àwọn Ọba Kejì orí 18 dáadáa. Ejò yẹn ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án títí di ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí bá ń sun tùràrí sí sítáǹpù, tàbí tó ń bẹ́ran sí i, kó jẹ́ kí n mọ̀, èmi fúnra mi ni màá fà á ya. Bí ẹ bá sì bá ìgbàdí tàbí oǹdè nínú àpótí bàbá yín, ẹ pè mí, èmi ni màá gbé ìṣáná wá. Ọ̀rọ̀ yẹn yàtọ̀. Ọgbọ́n láti mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn lẹ fi ń jẹ́ àgbà nínú ìgbàgbọ́.

Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ló tilẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì, tí wọ́n lo oṣù mẹ́ta ní erékùṣù Mélítà, ọkọ̀ ojú omi kan láti Alẹkisáńdíríà ló gbé wọn. Kí ni àmì tó wà lára ọkọ̀ náà? Kásítọ̀ àti Pólúkísì, ìbejì òrìṣà àwọn Gíríìkì, tí àwọn atukọ̀ gbà pé wọ́n ń gba èèyàn là lójú omi. Òrìṣà gidi nìyẹn o, tí wọ́n ń bọ lọ́wọ́lọ́wọ́, kì í ṣe fọ́tò. Pọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀ náà. Lúùkù tó kọ ìtàn yìí mọ àmì náà dáadáa, ó tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n gba ibẹ̀ lọ wàásù ìhìn rere ní Róòmù.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ tiwa. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ. Bàbá kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Jọ́s wá tajà, tó dàgbà, tó sì kú síbí, fi ìwé àkójọ sítáǹpù méjì sílẹ̀ àti páànù bisikíìtì kan tó kún fún àpòòwé àtijọ́. Oníwàásù kan tó jẹ́ àlejò sọ fún àwọn ọmọ pé òun rí ojú kan nínú ilé náà, òun ni kò jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ tó ẹnu. Wọ́n wá inú ilé títí, ojú tí wọ́n rí ni ti orí sítáǹpù. Àkọ́bí ti jó ìwé kìíní kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló kó ìyókù sínú ọ̀rá wá bá mi pé, "Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà sí i ká tó jó o."

A jọ ṣí páànù náà. Nínú àpòòwé kan la ti bá lẹ́tà tí ìyá wọn ní kí akọ̀wé lẹ́tà kan bá òun kọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti bí, pé obìnrin ni, pé ara ọmọ le, kó fi orúkọ tó bá fẹ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Obìnrin tó jókòó níwájú mi yìí ni ọmọ náà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dá a padà sínú àpòòwé bó ṣe wà. Sítáǹpù tó wà lórí rẹ̀, agbẹ́gilére Ọ̀yọ́ ni, ti tọ́rọ́. Lẹ́tà tó wà nínú àwọn èyí tó bá ìwé kìíní jóná, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ìdílé kan nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fojú ìlú tí à ń gbé wò ó. Ní Jọ́s níbí, kò sí ọdún tí wọn kì í bi wá pé níbo la ti wá, ìgbà wo la sì dé. Òǹtẹ̀ dúdú tí pósófíìsì lù sórí sítáǹpù, tó gbé orúkọ ìlú, ọjọ́, oṣù àti ọdún, ẹ̀rí ni. Ìjọba ló lù ú, kì í ṣe ẹnu bàbá yín. Rògbòdìyàn oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 jó ilé, ó jó ṣọ́ọ̀bù, ó jó gbogbo ìwé inú wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nínú yín mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn kan jó tiwa nígbà yẹn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Kí ló dé tí a wá ń fọwọ́ ara wa jó èyí tó ṣẹ́ kù?

Sítáǹpù ìlú yìí gan-an tún wà nínú ìwé bàbá náà. Ní 1953, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ sítáǹpù kọ́bọ̀ méjì tó ń ṣàfihàn ìwakùsà, kùsà tánganran ilẹ̀ Plateau. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth ń bọ̀ wá kí wa ní 1956, orí sítáǹpù yìí kan náà ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ àbẹ̀wò rẹ̀ lé, ó sì di sítáǹpù ìrántí. Àwòrán náà kò sọ pé nígbà ogun Hitler, wọ́n fi tipátipá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin wá sídìí kùsà yẹn, tí ọ̀pọ̀ kò sì padà délé. Àwa ló yẹ ká sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jó bébà náà, kí lẹ fẹ́ nawọ́ sí nígbà tí ọmọ yín bá béèrè? Nígbà tí Ísírẹ́lì kọjá Jọ́dánì, Ọlọ́run ní kí wọ́n kó òkúta 12 jáde nínú odò nítorí kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Òkúta lásán ni. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba ìdáǹdè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ìjọba náà má rò pé òun mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó tẹ àwòrán ohun ìní baba rẹ̀ fún títà, tí kò sì ṣọ́ ohun ìní náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Ṣùgbọ́n èmi àtẹ̀yin là ń bá wí lónìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Jọ́s níbí láti 1952. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ìgbà mélòó lẹ ti kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀? Ìtàn orí amọ̀ kan wà tó yẹ kí wọ́n gbọ́. Ní 1943, lágbègbè Jẹma'a, wọ́n hú u jáde níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà. Ẹni tó gbé e lọ sílé fi dẹ́rù ba ẹyẹ nínú oko iṣu rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan, kó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, ẹni tó wá mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn ará Nok ni. Ó ti lé ní 2000 ọdún tí wọ́n ti mọ ọ́n. Àgbẹ̀ yẹn kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò fọ́ ọ. Kò sọ pé ojú inú amọ̀ ló jẹ iṣu òun. Ẹyẹ ni ó lé.

Ẹlòmíì ti sá wá bá mi pé ṣé owó ńlá ló wà nínú sítáǹpù ni mo ṣe ń pariwo. Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lówó lórí rárá, ẹ má jẹ́ kí oníjìbìtì kankan fi ìyẹn tàn yín. Bí ti bàbá yín bá wà nílé, ẹ wá ibi gbígbẹ fi í sí, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì já sítáǹpù kúrò lára àpòòwé tó bá ṣì ní òǹtẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ibi fi í sí, kó gbé e wá sí ọ́fíìsì ìjọ, a ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó bá sì ṣì ní dandan òun á jó tirẹ̀, kó kọ́kọ́ wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sìdeè, kó wá sọ fún wa ohun tó yẹ kí Pọ́ọ̀lù ṣe ní Mélítà nígbà tí ọkọ̀ oníbejì yẹn fẹ́ ṣí: ṣé kó wọ̀ ọ́ ni, àbí kó fẹsẹ̀ rìn lórí omi dé Róòmù.